Ọjọ́ Tí Mo Dárúkọ Ewé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Ràmátù. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù sọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ tán kó tó jókòó, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Lánàá tí ẹ bá mi dé ọgbà ewé tó wà lẹ́yìn dìspánsérì, ìwọ Àṣíátù, tó ń kọ́ iṣẹ́ oògùn ní Cotonou, o bi mí pé kí ló dé tí mo kọ orúkọ sí ẹsẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan, ní Nàgó, Yorùbá tiwa, lókè, ní Faransé nísàlẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dá ọ lóhùn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Kí n tó lè kọ orúkọ kan ṣoṣo síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ìyá yín lọ́wọ́ mi.

Tchaourou ìgbà tí wọ́n bí mi kì í ṣe èyí tí ẹ ń wò yìí. Ilé wa kángun sí igbó. Bí èèyàn bá jáde ní ẹ̀yìnkùlé tòun ti pákò lẹ́nu, kí pákò náà tó rọ̀, ó ti dé abẹ́ igi ọ̀gánwó kan tí ọkùnrin mẹ́ta kò lè fọwọ́ gbá mọ́ra. Lónìí, ẹ wo ojú ọ̀nà láti ibí dé Tchatchou: kajú ni, kajú ni, àti àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́bàá títì. Mi ò bá ẹni tó gbin kajú jà. Kajú ló rán ẹ̀yin náà lọ sílé ìwé. Mo kàn ń sọ pé ibi tí à ń fẹsẹ̀ rìn lọ já ewé nígbà náà, mótò la fi ń lọ síbẹ̀ báyìí, a sì lè débẹ̀ ká máà bá ewé.

Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí mi ní ọmọdé. Ọmọ odó Ìyá Àgbà ni. Ìyá Àgbà yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, òun ló tọ́ mi, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ewé. Odó iyán àti odó oògùn kì í dún bákan náà. Ti iyán a máa rọ̀ létí, gbì, gbì, bí ẹni ń rìn lórí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ti èèpo igi a máa dún gbá, gbá, títí dé àyà ẹni. Bí mo bá ti gbọ́ gbá, mo mọ̀ pé ara ẹnì kan kò yá ládùúgbò. Bí ó bá pẹ́ kó tó dákẹ́, mo mọ̀ pé àìsàn náà le. Lónìí, aládùúgbò yín lè wà lórí àkéte fún ọ̀sẹ̀ kan, ohùn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ nìkan ni ẹ ó máa gbọ́.

Lọ́jọ́ iṣu tuntun, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fẹnu kan iyán láìmu àgbo. Ìyá Àgbà á se ewúro, á se orúwo, á fi èèrù sí i, á wá tò wá sí ìlà bí ẹni tó fẹ́ ka ewúrẹ́. Àwọn Bàrìbá tó múlé tì wá á mú ọmọ tiwọn wá. Obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà á gba tirẹ̀ sínú igbá, á mu ún láìfajú ro, á sì máa wo àwa tí à ń fajú ro. Lọ́dún kan, àbúrò mi Mústàfá da tirẹ̀ sínú ohun tí àwọn ewúrẹ́ fi ń mu omi. Kí a tó jẹ iyán tán, òbúkọ kan ti yí àgbàlá po, kò jókòó, kò dúró, ìdí rẹ̀ ń tú. Ìyá Àgbà wò ó títí, ó ní, "Òbúkọ yìí á pẹ́ láyé ju ìwọ Mústàfá lọ." Ó bu òmíràn fún un, ó sì dúró tì í títí ó fi rí ìsàlẹ̀ igbá.

Gbogbo ìyẹn dùn. Àmọ́ òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà tí kò dùn. Ìyá Àgbà kì í dárúkọ ewé. Bí a bá dé inú igbó, á tọ́ka sí i, á ní kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n fi eyín kàn án, kí n fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀, etí mi nìkan ló ń sọ ọ́ sí, lẹ́ẹ̀kan péré. Lọ́jọ́ tó fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, ó mú kí n fi ahọ́n kan ilẹ̀, kí n búra pé mi ò ní dárúkọ ewé kankan lójú ẹni tí kì í ṣe ti ìdílé wa. Ó ní, "Ewé tí gbogbo ayé bá mọ orúkọ rẹ̀, agbára rẹ̀ ti bá wọn lọ sọ́jà." Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Òfin yẹn ló ń ṣọ́ igi nígbà náà. Ẹni tí kò mọ orúkọ igi kò lè rán èèyàn kó lọ bó èèpo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ń ṣọ́ ilé lè gé onílé lọ́wọ́, ìyẹn ni mi ò tíì mọ̀.

Nígbà tí ìjọba yí padà, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù máa sọ tẹnu rẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbò nínú rédíò ní gbogbo èdè, gbogbo nǹkan ló dà bíi pé ó ṣeé ṣe. Àwọn tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ sínú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ síta. Ọdún kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn ìbò àkọ́kọ́ ni wọ́n kun dìspánsérì wa ní funfun, tí wọ́n sì fi nọ́ọ̀sì tuntun ránṣẹ́ sí i. Obìnrin ni, ọmọ Savè tí àwa ń pè ní Ṣábẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì. Delphine ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Tátà, ìyẹn àǹtí. Ó kéré sí mi tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yára rìn, ó sì ń sọ Nàgó bí àwọn ará Ṣábẹ̀, bíi pé ọ̀rọ̀ fẹ́ sá mọ́ ọn lẹ́nu.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé tó fi wá bá mi lágbàlá. Obìnrin kan ló gbé ọmọ lọ bá a, ọmọ náà ń bì, àgbo mi sì ni ìyá rẹ̀ ti ń fún un. Àwọn tó wá gba oògùn lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà jókòó yí mi ká.

Ó kí mi dáadáa, ó kúnlẹ̀, ó pè mí ní Tọ́ntọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe arákùnrin bàbá ẹni ní Faransé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tọ́ntọ́n, bí mélòó lẹ ní kí ọmọ yẹn máa mu?"

Mo ní, "Mo bu ú fún ìyá rẹ̀."

"Iye rẹ̀ ni mò ń béèrè."

"Bí ọwọ́ bá ti bù ú ni."

Ó wo igbá, ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Tọ́ntọ́n, ẹ máà bínú. Ẹni tí kò mọ iye ohun tó fún èèyàn, kò mọ ohun tó fún un."

Ọ̀rọ̀ náà ta mí lára bí oró àgbọn. Mo ní, "Nígbà tí ìyá rẹ lóyún rẹ, dìspánsérì wo ló wà ní Savè? Ewé ló bí ọ." Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, a kì í kí ara wa mọ́. Tí mo bá ń lọ sí oko, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń gbà kí n má baà kọjá níwájú rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ ìyá yín dé. Ràmátù ti lọ sílé ọkọ ní Tchatchou, kò tíì bí ẹnikẹ́ni nínú yín. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti ga dé àyà, nígbà tí bàbá yín fi mótò ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbé e wá, ó fi ọ̀já dè é mọ́ ara kó má baà ṣubú. Ibà ni. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí iyeyè. Ta ni wọn ì bá tún gbé e wá bá? Ọmọ oníṣègùn kì í wá oògùn ní ilé ẹlòmíràn.

Mo se orúwo fún un, mo se ẹ̀gbẹ̀sì. Mo sì fi ẹ̀kẹta sí i, egbò igi kan tí Ìyá Àgbà máa ń pè ní ọba inú wọn, tí à ń fi pamọ́ fún ibà tó bá le. Lọ́jọ́ kìíní, ara rẹ̀ tutù díẹ̀, ó bá wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo fi kún egbò kẹta. Lọ́jọ́ kẹta, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi ọṣẹ dúdú, mo sì pe orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó lajú, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ìyá rẹ̀, ìyá ìyá yín, kì í ṣe obìnrin tó ń jiyàn. Ó ti ń fi aṣọ tútù nù ún lára láti òwúrọ̀. Ó fi aṣọ náà sílẹ̀, ó ní, "Bàálé mi, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn."

Mo ní, "Jẹ́ kí n fún un lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó ní, "Tí ẹ kò bá gbé e, èmi á gbé e. Tí mi ò bá lè gbé e, màá wọ́ ọ."

Mo gbé e. Láti ilé wa dé dìspánsérì kò ju kí èèyàn sọ òkò lẹ́ẹ̀mejì lọ, ṣùgbọ́n mi ò rin ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sán gangan ni, àwọn èèyàn ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, torí Jímọ̀ ni. Gbogbo wọn ló rí mi, èmi oníṣègùn, tí mo gbé ọmọ mi lọ́wọ́, tí mo ń lọ bá obìnrin tó bú mi.

Tátà kò sọ pé, "Ṣé ẹ ti wá." Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó tẹ́ Ràmátù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó yí ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó tẹ ìhà rẹ̀ lápá ọ̀tún, Ràmátù kérora. Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí mi.

"Tọ́ntọ́n, kí ló mu?"

Mo ní, "Àgbo."

"Àgbo kí ni?"

Ahọ́n mi tó kan ilẹ̀ níjọ́sí, ó wúwo lẹ́nu mi bí òkúta. Mo ń rí Ìyá Àgbà lójú mi kedere, bó ṣe ń na ìka sí mi.

Tátà fa àpótí kan, ó jókòó síwájú mi, kí ojú wa lè dọ́gba. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́. Mi ò wá bá yín jà. Mi ò fẹ́ gba iṣẹ́ yín. Oògùn tí mo fẹ́ fún un lè bá èyí tó wà nínú rẹ̀ mu, ó sì lè bá a jà. Tí wọ́n bá jà, inú ọmọ yín ni wọn yóò ti jà. Ní Parakou náà, ohun kan náà ni wọn yóò bi yín. Ẹ ṣáà sọ fún mi kí n lè kọ ọ́."

Mo wo ọmọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ojú rẹ̀. Mo rántí ìgbà tí mo kọ́ ọ ní ìrìn.

Mo ní, "Orúwo."

Ó kọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbẹ̀sì, egbò rẹ̀." Ó kọ ọ́. Mo sì dárúkọ ẹ̀kẹta. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó béèrè iye tí mo fi sí i, mo fi ọwọ́ hàn án. Ó gbé ife kan fún mi, ó ní kí n fi omi wọ̀n ọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo wọn ohunkóhun.

Ó fún ìyá yín ní abẹ́rẹ́ kan, ó so omi mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì bẹ awakọ̀ kan tó kó iṣu lọ Parakou pé kó fi àyè sílẹ̀ fún wa. Ó ká ìwé tó kọ sínú ọwọ́ mi. "Ẹ má fi pamọ́ fún dókítà," ló wí. A gun orí iṣu lọ, ìyá rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan, èmi gbé ike omi náà sókè ní gbogbo ọ̀nà títí apá mi fi kú.

Dókítà tó ka ìwé náà jẹ́ ọkùnrin àgbàlagbà, kò gbọ́ Nàgó. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló ń túmọ̀ fún wa. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ ló ń gbé aláìsàn wá tí wọ́n á ní kò mu nǹkan kan. Ó ní ewé méjì àkọ́kọ́ kò yọ òun lẹ́nu. Ẹ̀kẹta ni kó dúró, ó ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó ní ká ní mo fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá òun ì bá má rí nǹkan ṣe.

Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ìyá yín ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ. Ẹkún ló gbọ̀n mí, mo jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí bẹ́ńṣì tó wà níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rántí gbogbo ẹni tí mo ti fún ní egbò kẹta. Àwọn kan wà láàyè. Àwọn kan ti kú, a sì gbà pé ibà ló pa wọ́n. Mo dé orí ìyàwó Bìó, mi ò lè kọjá níbẹ̀.

Bìó ni aládùúgbò wa, Bàrìbá, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́wọ́ mi ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà náà pé mo sapá. Nígbà tí a padà dé, mi ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí mo fi lọ bá a lóko. Ó ń kọ ebè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ti rí. Mo ní, "Bóyá ibà ni. Bóyá èmi ni. Mi ò mọ̀, mi ò sì lè mọ̀ mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa jẹun pẹ̀lú rẹ láìsọ ọ́."

Ó kọ ebè mẹ́ta sí i kó tó dúró. Ó fara ti ọkọ́, ó ní, "O kò mọ̀ nígbà náà. O ti mọ̀ báyìí. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè tó le tó yẹn rí. Òun ni mo ṣì ń dáhùn títí di òní.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó gbogbo ohun tó wà nínú àká oògùn mi sínú apẹ̀rẹ̀ méjì, mo sì gbé e lọ síwájú Tátà. Mo ní, "Èwo ló ń wò, èwo ló ń pa? Èmi mọ ewé. Ìwọ mọ inú èèyàn. Jẹ́ ká fi wọ́n pọ̀." Ó wo apẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní òun náà jẹ mí ní ẹ̀bẹ̀, pé kò yẹ kí òun bá mi wí lójú èèyàn. Ó ní oògùn kì í pẹ́ tán ní dìspánsérì, àwọn aláìsàn á sì máa wo òun lójú. Ó ní Parakou jìn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. A ra kàyé, ìwé ìkọ̀wé ńlá kan. Ewé kan sí ojú ìwé kan: orúkọ rẹ̀, ibi tó ń hù, apá tí à ń lò, iye rẹ̀, ẹni tó mu ún, ohun tó ṣe fún un, ohun búburú tó ṣe. Agolo tòmátò ni a fi ń wọn omi, ìdérí ìgò ni fún ọmọ ọwọ́. Egbò kẹta, báírò pupa la fi kọ ọ́, kí gbogbo ẹni tó bá ṣí kàyé lè sá fún un. A pín iṣẹ́. Ibà tó bá kọjá ọjọ́ kejì, aboyún tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ọmọ tó bá ń mí gúlegúle, ejò, gbogbo wọn di ti Tátà, mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ikọ́ díẹ̀, inú rírun, ara yíyún, ìyẹn di tèmi. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, Tátà á fún wọn ní oògùn tirẹ̀, èmi á se pòròpórò ọkà bàbà fún wọn, á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lóṣooṣù. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìkòkò irin kan tó mọ́ dáadáa nínú yàrá rẹ̀, mo fi se èèpo ọ̀gánwó. Àṣé ìkòkò tó fi ń bọ abẹ́rẹ́ ni. Ó dúdú kanlẹ̀. Ọjọ́ méjì ni Tátà kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ọgbà náà, igbó tó ń tán ló mú wa gbìn ín, mo sì kọ orúkọ sí ẹsẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan lédè méjèèjì kí nọ́ọ̀sì yòówù tó bá dé lè mọ̀ ọ́n. Bìó ló kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí: láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ fún un títí ó fi kú, Bìó kò mu oògùn mi mọ́. Ṣùgbọ́n ọgbà yẹn, kò sí àkókò òjò kan tí kò bá wa ro ó.

Ẹ má rò pé inú gbogbo èèyàn dùn. Mo pe àwọn oníṣègùn ìyókù, wọ́n wá láti Kika, láti Bétérou, láti Tchatchou, a jókòó sábẹ́ igi màǹgòrò. Àgbà gbogbo wa ni Bàbá Àlàó ará Kika. Òun àti Ìyá Àgbà jọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan náà ni. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ó sì dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ tí ahọ́n rẹ kan ilẹ̀. Kí ni ìyá tó kọ́ ọ á wí?"

Mo ní, "Bàbá, ká ní ẹ̀yin ni ọmọ yín wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí lẹ̀ bá wí?"

Ó ní, "Èmi ì bá sin ín pẹ̀lú iyì." Ó tutọ́ sílẹ̀, ó lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tẹ̀ lé e. Ẹni mẹ́ta péré ló kù sábẹ́ igi. Láti ìgbà náà wọ́n sọ mí ní Atawé, ẹni tó ta ewé. Ní mọ́ṣáláṣí, tí mo bá jókòó, ẹni ẹ̀gbẹ́ mi á sún. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ẹni tó ti gbé ọmọ rẹ̀ kọjá lójú ìlú, ojú kì í tún tì í mọ́. Mo ń jí, mo ń wọ̀n, mo ń kọ.

Bí ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan wá láti Kika, ó ní Bàbá Àlàó ní kí n wá, kí n sì mú Tátà dání, àti ìwé yẹn. Àwa méjèèjì gun mótò Tátà. Bàbá Àlàó ti rù, orí ẹní ló wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mú. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ti lọ, ọ̀kan ní Nàìjíríà, ọ̀kan ní Cotonou. Kò sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà.

Ó ní, "Mo rò pé iṣẹ́ náà ni mò ń ṣọ́. Àṣé mò ń sin ín ni."

Tátà ṣí kàyé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹní rẹ̀.

Bàbá Àlàó ní, "Ọmọ Savè, kọ ọ́."

Ọjọ́ mẹ́rin la fi ń lọ, tí a fi ń bọ̀. Ó ń dárúkọ, Tátà ń kọ, èmi ń béèrè iye. Nígbà míì á rẹ́rìn-ín pé àwọn ìbéèrè mi ti di ti òyìnbó. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní ó ku ọ̀kan, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, tí mo fi ojú ara mi rí iṣẹ́ rẹ̀: èyí tó fi ń wo egbò ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ tí kò jinná. Ó ní, "Èèpo igi kan ni. Ó wà lẹ́bàá odò Ọ̀pàrà, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ewé rẹ̀..." Èémí gé e. Ó mi orí, ó ní kí a jẹ́ kí òun sinmi, kí a padà wá lọ́la.

A padà lọ́la. Láti ọ̀nà la ti rí àwọn èèyàn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n ń bu omi ìwẹ̀ òkú.

Tátà kò pa ìlà tí Bàbá Àlàó kò parí yẹn rẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní Tchaourou lọ sí ibòmíràn, ó fi kàyé náà sílẹ̀ fún mi, ó ní ilẹ̀ tó hu ewé ni kí ìwé rẹ̀ máa gbé. Mo ti wá igi náà. Mo ti gbé oríṣiríṣi èèpo wá láti etí odò yẹn, dìspánsérì sì ti yẹ̀ wọ́n wò pẹ̀lú mi, kò sí èyí tó ṣe bí ti Bàbá Àlàó. Ẹsẹ̀ èèyàn ṣì ń bàjẹ́ torí irú egbò bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ń gé wọn.

Àṣíátù bi mí nísinsìnyí, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, pé, "Bàbá àgbà, tí a bá rí igi náà ńkọ́? Ta ló máa mọ̀ pé òun ni?"

Ìyẹn ni iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ ní Cotonou, ọmọ mi. Ẹ ò ní bó èèpo igi kan tán. Ẹ ó gé díẹ̀, ẹ ó ya àwòrán ewé rẹ̀, òdòdó rẹ̀, èso rẹ̀ tó bá ní. Ẹ ó gbé e lọ fún àwọn olùkọ́ rẹ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú nǹkan, kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tó lè bà jẹ́ lára èèyàn. Kò sí ẹni tí ẹ ó fi sí lára kí ẹ tó mọ̀. Tí kì í bá ṣe òun, ẹ ó kọ ọ́ pé kì í ṣe òun, ẹ ó sì lọ sí ìkejì. Àwọn tó ń sun èédú kò tíì jẹ bèbè odò yẹn tán. Orúnkún mi ni kò gbé mi débẹ̀ mọ́.

Kàyé nìyí. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ni ìlà náà wà. Àyè tí Tátà fi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tó láti kọ ọ́ parí.